Kí Ọwọ́ Tó Kú: Bí A Ṣe Ń Pàgọ́ Ìpẹja Sórí Yìnyín

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo kó àpò èèkàn sí. Lójú ara mi, mo ti to ẹrù dáadáa: èèkàn nísàlẹ̀, hítà lé e, kúlà oúnjẹ lé hítà, àgọ́ wá gorí gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé àárín adágún, mo fa àgọ́ yọ, mo tú u, mo fa oríkèé kan, ògiri kan sì yọ ikùn síta. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ bá mi. Kí n tó gbé kúlà kúrò lórí hítà láti wá èèkàn, àgọ́ ti gbéra, ó ń yí gbirigbiri lọ lórí yìnyín bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lójú títì Èkó. Mo sá tẹ̀lé e. Bàtà òtútù kì í ṣe bàtà eré sísá. Bàbá òyìnbó kan tó jókòó sórí korobá rẹ̀ ló dìde, tó fẹsẹ̀ tẹ àgọ́ náà mọ́lẹ̀ fún mi. Kò bú mi, kò sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kàn bi mí pé: "Èèkàn rẹ dà?"

Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Minnesota, Wisconsin, Michigan tàbí Kánádà, tí ẹ máa ń rí àgọ́ pupa àti búlúù lórí adágún láti ojú fèrèsé ọkọ̀ yín ní oṣù kìíní ọdún, tí ẹ sì ń ṣe kàyéfì pé kí ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń wá níbẹ̀. Ẹja ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń kà á ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ẹ má pè é ní àsọdùn: omi adágún ibí máa ń dì débi pé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré á gba orí rẹ̀ kọjá, omi kò sì ní ta sí i ní táyà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Nínú àlàyé yìí, yìnyín ni omi adágún tó dì gbagidi. Èyí tó ń já bọ́ láti òkè bí òwú, sínóò ni mo máa pè é, bí gbogbo wa ṣe ń pè é nínú ilé. Ìwà wọn yàtọ̀ síra. Sínóò dà bí kúbùsù: bí ó bá bo yìnyín mọ́lẹ̀, òtútù òkè kò ní ráyè dé ìsàlẹ̀ dáadáa, yìnyín náà kò sì ní tètè nípọn. Ibi tó funfun báláú tó sì lẹ́wà lójú lè jẹ́ ibi tó fẹ́lẹ́ jù.

Òtútù kì í pa ẹja lábẹ́ yìnyín, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ohun tó yẹ kí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan, bí wọ́n bá ṣe ń tutù sí i ni wọ́n ń wúwo sí i. Ti omi yàtọ̀. Nígbà tí ó bá wà ní ìwọ̀n 4 Celsius ni ó wúwo jù. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, á tún bẹ̀rẹ̀ sí fúyẹ́, nígbà tó bá sì di yìnyín, á léfòó. Ìyẹn ni adágún fi ń dì láti òkè wá, tí omi tó wúwo jù, tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ju ti òkè lọ, fi ń wà nísàlẹ̀. Bí òtútù bá wà ní -25 lórí wa, ẹja walleye wà nísàlẹ̀ nínú omi tirẹ̀, kò mọ̀ pé eyín ẹnìkan ń gbá ara wọn lókè.

Kí á tó wá sọ̀rọ̀ àgọ́, kí ni àgọ́ fẹ́ dúró lé? Ẹ̀ka ìjọba Minnesota tó ń mójú tó igbó àti omi ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ yìnyín tí kò nípọn tó ínṣì 4. Ínṣì 4 yẹn, ẹlẹ́sẹ̀ ló wà fún. Alùpùpù orí sínóò ń fẹ́ ínṣì 5 sí 7, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré ń fẹ́ 9 sí 10. Yìnyín tuntun tó mọ́ gaara ni wọ́n ń sọ o. Èyí tó funfun bí ògì, tó jẹ́ pé sínóò ló mu omi yó kó tó dì, agbára rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, nítorí náà ẹ sọ gbogbo òǹkà yẹn di ìlọ́po méjì. Dígà gígùn ni ẹ ó máa fi gún iwájú yín bí ẹ ṣe ń lọ, bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Bí omi bá jáde ní ìgúnlẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ yí padà, ẹ tọ ipasẹ̀ ara yín. Ẹ má bi ara yín bóyá ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kọjá níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ibòmíràn ló gbà.

Afẹ́fẹ́ àti omi tó ń rìn lábẹ́ lè ba èyí tó nípọn náà jẹ́. Ní ìparí oṣù kejìlá ọdún 2023, ní adágún Upper Red Lake ní àríwá Minnesota, yìnyín ńlá kan ya kúrò létí bèbè pẹ̀lú apẹja tó lé ní ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, omi sì pín wọ́n níyà kúrò lórí ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbàlà ló lọ kó wọn padà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní adágún kan náà yìí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni àwọn èèyàn yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní àgọ́ tó dára ju tèmi lọ fíìfíì.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọwọ́ wàyí. Nínú òye tèmi, gbogbo ètò ẹrù ìpẹja orí yìnyín, ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn kò lè so okùn, kò lè mú ìwọ̀, kò lè wá síìpù rí. Bí ẹ bá sì bọ́ ọ nínú òtútù -20 tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìka fi máa jẹ́ tiyín. Lẹ́yìn ìyẹn ó di igi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú kò lè ti èèkàn, kò lè tan hítà, àwọn nǹkan tó sì lè jí ọwọ́ náà nìyẹn. Mo máa ń ka iye ìgbà tí mo bọ́ ìbọ̀wọ́ láti ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ títí mo fi jókòó sínú àgọ́. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, kò lóǹkà. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni.

Bí èèyàn bá sì já sínú omi, ọwọ́ náà ni ọ̀rọ̀. Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, ẹni tó ti wọ inú omi dídì fúnra rẹ̀ nítorí ìwádìí, ni àwọn èèyàn mọ òǹkà yìí mọ́: 1, 10, 1. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ni èémí yóò fi máa já gbì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ní nígbà yẹn ni kí ẹ má gbé omi mì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló tẹ̀ lé e tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́. Nǹkan bíi wákàtí kan ni kí òtútù tó gba ọpọlọ. Inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ ti jáde.

Ìdí nìyí tí àwọn nǹkan kan kò fi gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù rárá. Ara ni wọ́n ń gbé. Àkọ́kọ́ ni ìṣó ọwọ́: igi kéékèèké méjì tí a kan ìṣó mọ́ lẹ́nu, tí okùn kan so pọ̀, tí a fi kọ́ ọrùn. Ẹni tó bá já sómi á kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀, torí yìnyín ibẹ̀ ti gbé e rí, á gún ìṣó méjèèjì mọ́ yìnyín, á fi ẹsẹ̀ lu omi bí ẹni ń wẹ̀, á fa ara rẹ̀ gun òkè, á sì yí gbirigbiri kúrò lẹ́nu ihò. Kò ní dìde dúró. Ẹni tó bá kó ìṣó yìí sínú ẹrù, ẹrù rẹ̀ ló fẹ́ gbà là. Fèrè ìfọn náà, ọrùn ni. Aṣọ ìléfòó, ara ni. Fóònù, àpò inú lọ́hùn-ún lẹ́bàá àyà, nítorí òtútù máa ń mu bátìrì rẹ̀ gbẹ bí ẹni fi sítíróò fà á.

Ilé ni a sì ti ń so ìwọ̀. Mo ń rí àwọn tó ń tẹ̀ba lójú ihò, tí wọ́n ń fẹ́ èémí sọ́wọ́, tí wọ́n ń wá ojú ìwọ̀ tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Kí ló dé? Orí tábìlì ilé ìdáná, pẹ̀lú tíì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni iṣẹ́ yẹn yẹ. Ọ̀pá ìpẹja orí yìnyín kúrú, púpọ̀ nínú wọn kò ju ínṣì 24 sí 36 lọ, nítorí náà ẹ lè to mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú àpò kan pẹ̀lú ìwọ̀ wọn lẹ́nu, kí ẹ fi rọ́bà dè wọ́n kí wọ́n má baà kọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá já, ẹ kò so òmíràn. Ẹ kàn mú ọ̀pá kejì.

Ẹrù tó kù, inú ọpọ́n ni. Ọpọ́n ike gbọọrọ ni mò ń wí, tí a ń fà lórí sínóò bí ọmọlanke tí kò ní táyà. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí a máa kọ́kọ́ lò ni a máa kó kẹ́yìn. Ṣọ́bìrì àti àpò èèkàn lókè pátápátá, lẹ́yìn wọn ẹ̀rọ ìlu-yìnyín, lẹ́yìn rẹ̀ àgọ́, lẹ́yìn àgọ́ hítà àti pákó pẹlẹbẹ tó máa jókòó lé. Àga, oúnjẹ àti korobá ẹja kéékèèké tí a fi ṣe ìdẹ wà nísàlẹ̀ tàbí lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ọpọ́n wúwo díẹ̀ ju iwájú lọ, kí imú rẹ̀ má baà máa wa sínóò. Àpò èèkàn mi, pupa ni mo ra. Kò sí ohun pupa mìíràn nínú ọpọ́n mi. Ojú kì í ṣi í.

Oríṣi àgọ́ alágbèéká méjì ló wọ́pọ̀. Àgọ́ oníbòrí ni ọ̀kan, tí ọpọ́n fúnra rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ilé, tí aṣọ àti ọ̀pá rẹ̀ sì ń ṣí wá bo ẹni tó jókòó bí ìbòrí kẹ̀kẹ́ ọmọ. Dave Genz, ará Minnesota, ló sọ irú rẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, pẹ̀lú èyí tó ṣe ní nǹkan bí ọdún 1980 tó pè ní Fish Trap. Èrò rẹ̀ rọrùn: ẹja kì í dúró lójú kan, kí ló dé tí apẹja fẹ́ fi ìdí mulẹ̀? Èkejì ni àgọ́ olóríkèé, tí ọ̀pá rẹ̀ pàdé láàárín ògiri kọ̀ọ̀kan bí irin agboòrùn. Òun gba èèyàn púpọ̀, ó ga, ó sì fúyẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kí a tó kàn án mọ́lẹ̀, aṣọ ìgbòkun lásán ni. Ẹni tó ń dá lọ, tó sì ń fẹ́ máa ṣípò, kó ra oníbòrí. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ tó fẹ́ tẹ̀ lé e, kó ra olóríkèé. Olóríkèé ni mo ní, nípa rẹ̀ ni mo sì máa sọ̀rọ̀.

Ẹ wá ẹja kí ẹ tó pàgọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja, ẹ da omi díẹ̀ sórí yìnyín tó mọ́ gaara, ẹ fi ojú ẹ̀rọ náà lé omi yẹn. Á máa ríran gba inú yìnyín kọjá láìjẹ́ pé ẹ lu ihò kankan, á sì sọ bí omi ti jìn tó. Nígbà tí ibì kan bá wù yín, ẹ lu ihò yín níta gbangba. Ẹ̀rọ ìlu tó ń mu epo, ẹ má ṣe tan án nínú àgọ́ láé.

Ẹ wá ọ̀nà afẹ́fẹ́ wàyí. Ẹ bu sínóò díẹ̀, ẹ jù ú sókè, ẹ wo ibi tó kọrí sí. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ẹ gbá sínóò kúrò níbi tí àgọ́ máa tẹ́ sí, ẹ kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ṣì máa lò ó. Ẹ tẹ́ àgọ́ sílẹ̀ ní kíká, ẹ má tú okùn ara rẹ̀. Kó tó ní ìrísí ilé rárá, ẹ ti èèkàn àkọ́kọ́ bọ okùn igun tó kọjú sí afẹ́fẹ́. Èèkàn náà jẹ́ irin tó lọ́ bí ìwo àgbò, tí a ń yí wọ inú yìnyín. Bí a bá ń fi ọwọ́ yí i, ó ń gba àkókò, ó sì ń ti ìbọ̀wọ́ bọ́. Bí a bá fi ẹnu irin kékeré kan so ó mọ́ dírílì oníbátìrì, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló gbà. Bí ẹ kò bá ní dírílì, ẹ fi dígà la yìnyín díẹ̀ kí ẹnu èèkàn lè rí ibi mú. Bátìrì dírílì, abẹ́ kóòtù ló ń gbé títí ẹ ó fi nílò rẹ̀.

Nígbà tí igun yẹn bá ti wà lẹ́nu èèkàn, ẹ lè tú àgọ́. Àgọ́ kan ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ fa ògiri, òmíràn ń fẹ́ òrùlé. Ìwé tí wọ́n rán mọ́ àpò rẹ̀ á sọ fún yín, ẹ kà á nílé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tó wù kó jẹ́, ògiri tó kọjú sí afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà nínú àwọn ògiri. Ẹ di okùn oríkèé mú, ẹ fẹsẹ̀ kọ́ ilẹ̀, ẹ fà á wá sọ́dọ̀ ara yín gidi, á dún "pàú!", ògiri á sì yọ. Ìró yẹn ló ń sọ pé ó ti wọlé. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, kò tíì wọlé, afẹ́fẹ́ sì máa tì í padà. Lẹ́yìn náà, èèkàn igun kejì ẹ̀gbẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ tó kan àwọn ògiri yòókù àti igun tiwọn. Ẹnu ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí i, afẹ́fẹ́ á fẹ́, ẹ ó sì rí fùrọ̀ adìyẹ.

Okùn tí wọ́n so mọ́ oríkèé ògiri kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ìjì bá dé, ikùn ògiri ni ó máa kọ́kọ́ tì wọlé, òun ni ó sì ń dá ọ̀pá. Ẹ na okùn yẹn síta, ẹ ti èèkàn bọ̀ ọ́. Níkẹyìn, ẹ bu sínóò tí ẹ kó jọ lé etí aṣọ tó tẹ́ nílẹ̀ yí ká, kí afẹ́fẹ́ má rí ibi gbà wọlé. Sínóò gbígbẹ ni kí ẹ lò. Èyí tó ti pò pọ̀ mọ́ omi ihò máa dì bí sìmẹ́ǹtì, nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ lọ sílé, ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti di onílé nínú adágún.

Inú àgọ́ kò ní wàhálà bí èèyàn bá fi ìjókòó rẹ̀ wọn ohun gbogbo. Ẹ jókòó, ẹ na ọwọ́: ibi tí ọwọ́ dé ni nǹkan ń gbé. Ìgbakọ oníhò, irú èyí tí wọ́n fi ń kó àkàrà nínú epo, ni a fi ń kó yìnyín wẹ́wẹ́ kúrò lójú ihò. Ẹ fi kọ́ ara ọ̀pá àgọ́ lápá òsì. Ọ̀pá ìpẹja lápá ọ̀tún. Ẹja tí ẹ bá pa, ẹ jù ú síta sórí sínóò, fìríìjì ọ̀fẹ́ ni. Ihò ínṣì 8 kéré lójú, ṣùgbọ́n kò sí fóònù tàbí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí kò gbà. Ẹ fa síìpù àpò yín.

Hítà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Ẹ gbé e lé pákó, torí yìnyín abẹ́ rẹ̀ máa yọ́, kó jìnnà sí aṣọ ògiri, kó má sì dí ẹnu ọ̀nà. Gáàsì tó ń jó nínú ibi tó há máa ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Èyí kì í ṣe ìtàn òyìnbó sí wa. Òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ti pa ìdílé mọ́jú nílé wa lọ́hùn-ún, nígbà tí wọ́n gbé e sí kọ́rídọ̀ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ ṣí fèrèsé kékeré tó wà lókè àgọ́, ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn díẹ̀ máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, bí òtútù bá tilẹ̀ ń bú. Ẹ ra aago akìlọ̀ tó ń ké bí afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì tó ń gbé yín kì í ṣe ti oúnjẹ. Ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì sùn pẹ̀lú hítà títàn.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn. Ìwé àṣẹ ìpẹja pọn dandan. Ní Minnesota, okùn méjì ni òfin gbà fún ẹnìkan lórí yìnyín, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan péré ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgọ́ alágbèéká kò nílò ìwé àṣẹ tirẹ̀ bí ẹ bá wà nídìí rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ, ó nílò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ mìíràn ní òfin mìíràn. Ẹ kà á kí ẹ tó gbéra.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ pa hítà kí ẹ tó kó nǹkan, kó lè tutù. Ẹ kó ohun inú àgọ́ sínú ọpọ́n tán, ẹ wá tú àgọ́ ní ìdàkejì: ògiri tó wà lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tì wọlé, èèkàn ẹ̀gbẹ́ afẹ́fẹ́ ni kí ẹ yọ kẹ́yìn pátápátá, nígbà tí àgọ́ bá ti wà ní kíká tí okùn sì ti wà lára rẹ̀. Bí etí aṣọ bá ti dì mọ́ yìnyín, ẹ má ja á. Ẹ rọra fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì kàn án yí ká. Ẹ kó sínóò lé ihò kí ẹlòmíràn lè rí i.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ má fi àgọ́ sílẹ̀ nínú àpò. Omi wà lára rẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ rí i. Láàárín ọjọ́ mélòó kan á bu, á sì máa rùn. Ẹ tú u, ẹ fi kọ́ inú gáréèjì, ẹ ṣí gbogbo síìpù rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá gbẹ, ẹ ká a, ẹ dì í, kí ẹ sì gbé àpò èèkàn lé e lórí.